Kí Ló Sọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Di Ti Júù?

Ọkùnrin kan ń lé ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sáré wọ inú àlàpà kan. Shimon ben Shetach, àgbà nínú àwọn amòfin Júù tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìbí Kristi, rí wọn, òun náà sì sáré tẹ̀ lé wọn. Kó tó débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́: idà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lé ni, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu idà náà, ẹni tí wọ́n lé sì ń japoró nílẹ̀. Shimon ní: "Ìwọ ìkà, ta ló pa ọkùnrin yìí? Bí kì í bá ṣe èmi, a jẹ́ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ kò sí níkàáwọ́ mi?" Ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Támọ́dù, ìwé ńlá tí àwọn rábì kó àlàyé òfin àti ìtàn wọn jọ sí, níbi tí ìtàn náà wà, sọ pé wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ejò fi yọ, tó bu apànìyàn náà jẹ, tó sì kú.

Ẹ ka ìtàn yìí fún ẹni tó fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, yóò ní ẹjọ́ ti tán. Idà rèé, ẹ̀jẹ̀ rèé, òkú rèé, kí la tún ń wá? Ṣùgbọ́n òfin Mósè tó wà nínú Diutarónómì sọ pé ẹnu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni a ó fi pa ẹni tó jẹ̀bi ikú, a ò gbọdọ̀ fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo pa á. Shimon nìkan ló sì dé ibẹ̀. Kò tilẹ̀ rí ìgbà tí idà wọlé sára ẹni náà, ó kàn rò ó pọ̀ ni. Èrò náà lè jóòótọ́ délẹ̀délẹ̀, èrò ṣì ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè ohun tó ń jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àwọn Júù, nítorí pé orúkọ náà wà lára ìwé títà, àwọn àkójọ ìtàn kúkúrú sì wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ká wo orúkọ bàbá òǹkọ̀wé. Àwọn mìíràn á ní bí rábì bá ti wà nínú rẹ̀, ó ti di ti Júù nìyẹn. Èmi ò rò pé èyíkéyìí nínú méjèèjì tó. Ohun tí mo rí tó ya àwọn tó dára nínú ìtàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀rí. Wọ́n ń wádìí ẹni tó pànìyàn bí gbogbo ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wádìí ohun tó yẹ ká pè ní ẹ̀rí, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí, àti ìgbà tí ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Míṣínà, àkójọ òfin tí àwọn rábì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, to bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìbéèrè méje ló ṣáájú: nínú ọ̀wọ́ ọdún méje wo ló ṣẹlẹ̀, ọdún wo, oṣù wo, ọjọ́ kelòó oṣù, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, wákàtí wo, níbo. Lẹ́yìn ìyẹn, onídàájọ́ lè béèrè ohunkóhun tó bá wù ú, Míṣínà sì yin ẹni tó bá ń fi ìbéèrè kún ìbéèrè. Ó mẹ́nu ba ọ̀gbẹ́ni kan, Ben Zakkai, tó bi àwọn ẹlẹ́rìí nípa igi ọ̀pọ̀tọ́: báwo ni igi tín-ínrín tí èso náà fi so mọ́ ẹ̀ka ṣe rí? Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní lè dáhùn bákan náà pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹlẹ́rìí pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó kàn rò tàbí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, nítorí pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan run, bí ẹni tó pa gbogbo ayé run ni.

Ìwé Míṣínà yìí kan náà tún sọ pé ilé ẹjọ́ gíga tó bá pa ènìyàn kan láàárín ọdún méje, apanirun ni. Rábì kan dáhùn pé kódà ẹnì kan láàárín àádọ́rin ọdún. Rábì Tarfon àti Rábì Akiva ní bí ó bá jẹ́ pé àwọn ló wà níbẹ̀, wọn kì bá tí pa ẹnikẹ́ni láé. Rabban Shimon ben Gamliel ló wá já wọn láwẹ́: ó ní irú wọn yìí ni ì bá jẹ́ kí apànìyàn pọ̀ ní Ísírẹ́lì. Wọn ò pa ohùn rẹ̀ rẹ́, wọn ò sì parí ìjiyàn náà. Ó wà nínú ìwé títí dòní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtàn tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó wà lára ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó pẹ́ jù láyé. Bí Bíbélì ìjọ Àgùdà bá wà nílé yín, ẹ ṣí ìwé Dáníẹ́lì orí 13. Bí ó bá jẹ́ Bíbélì àwọn ìjọ yòókù ni, inú Àpókírífà lẹ máa wá a sí. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kò sí nínú Bíbélì Hébérù tí àwọn Júù fúnra wọn ń kà, èdè Gíríìkì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Sùsánà, aya Jóákímù, ń wẹ̀ nínú ọgbà ọkọ rẹ̀ ní Bábílónì. Ó rán àwọn ọmọbìnrin tó ń sìn ín kí wọ́n lọ mú òróró wá. Àwọn àgbààgbà méjì tí ìlú fi joyè onídàájọ́ ti fara pamọ́ sínú ọgbà náà. Wọ́n yọ sí i, wọ́n ní kó gbà fún àwọn, bí kò bá gbà, àwọn á sọ pé àwọn bá a pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin kan. Sùsánà kígbe. Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì dúró níwájú ìjọ ènìyàn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì jẹ́rìí. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú. Wọ́n ti ń mú un lọ nígbà tí Dáníẹ́lì, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, pariwo pé òun ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí. Ó ní kí wọ́n ya àwọn àgbààgbà náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: lábẹ́ igi wo lẹ ti rí wọn? Ọ̀kan ní igi másítíìkì, èkejì ní igi óákù. Ẹjọ́ yí padà lójú ẹsẹ̀, ikú tí wọ́n dá fún obìnrin náà ni wọ́n fi pa wọ́n.

Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn Júù tó wà ní Bábílónì yìí ò rú òfin kankan. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin béèrè, ẹlẹ́rìí méjì ló wà níbẹ̀, àgbààgbà sì ni wọ́n. Òfin tó ní ká má pa ènìyàn láìní ẹlẹ́rìí méjì ni irọ́ gùn lẹ́ṣin dé ilé ẹjọ́. Nítorí náà iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbí kì í ṣe wíwá ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí gan-an ló ń wádìí. Ìbéèrè nípa igi tí Dáníẹ́lì bi wọ́n jọ ti Ben Zakkai nípa ọ̀pọ̀tọ́ débi pé mi ò lè ka ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Orí 14 ìwé kan náà ní òmíràn tó sún mọ́ ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe lónìí. Àwọn ará Bábílónì ń gbé ìyẹ̀fun òṣùwọ̀n méjìlá, ogójì àgùntàn àti ìkòkò wáìnì mẹ́fà síwájú òrìṣà Bẹ́lì lójoojúmọ́, tó bá sì di òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti tán. Ọba ní òrìṣà náà ló ń jẹ ẹ́. Dáníẹ́lì da eérú sílẹ̀ yíká inú tẹ́ńpìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọba fi èdìdì dì í. Nígbà tí wọ́n ṣí i láàárọ̀, oúnjẹ ti tán, ọba pariwo ìyìn. Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọba wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin, ẹsẹ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ ọmọdé. Abẹ́ tábìlì ni àádọ́rin àlùfáà náà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn ń gbà wọlé lóru. Nígbà tí Dorothy L. Sayers ń kó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1928, ó kó méjèèjì yìí mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ òǹkọ̀wé ni ká tètè yanjú, torí kò gba àkókò. Israel Zangwill jẹ́ Júù tí wọ́n bí ní London, ó sì kọ̀wé púpọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn Júù ìlà-oòrùn ìlú náà. Ní 1891, ó kọ ìtàn òkú kan tí wọ́n bá nínú yàrá tí a tì pa láti inú, ìwé ìròyìn *The Star* tẹ̀ ẹ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì ti jẹ nínú ọgbọ́n rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ ò ní rí nǹkan kan tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn tàbí òfin Júù nínú rẹ̀. Ellery Queen náà ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò méjì láti Brooklyn ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn, Frederic Dannay àti Manfred B. Lee, tí orúkọ àbísọ wọn jẹ́ Daniel Nathan àti Emanuel Lepofsky. Júù ni àwọn méjèèjì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kì í sì í ṣe bíi Júù rárá. Àmọ́ a jẹ Dannay ní gbèsè ọpẹ́ mìíràn: ìwé àtìgbàdégbà tó dá sílẹ̀ ní 1941 ni àwọn ìtàn kúkúrú ti Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ sọ níwájú ti kọ́kọ́ jáde.

Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, Jorge Luis Borges ti Ajẹntínà kì í ṣe Júù, síbẹ̀ ó kọ ọ̀kan tí a ò lè fò dá, ní 1942. Wọ́n pa rábì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì níbi tó ti wá ṣe ìpàdé àwọn onímọ̀ Támọ́dù. Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, wọ́n bá gbólóhùn kan tó sọ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Orúkọ náà ti di pípè. Ọ̀gá ọlọ́pàá Treviranus ní ọ̀rọ̀ náà ò le: olówó tó ní òkúta iyebíye wà nínú yàrá tó dojú kọ ti rábì, olè ló ṣi yàrá wọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lönnrot kò gbà. Rábì ló kú, nítorí náà àlàyé rábì ló ń wá. Ó kó ìwé àwọn Júù lọ sílé, ó ń kà á.

Ohun tí òǹkàwé tí kì í ṣe Júù gbọ́dọ̀ mọ̀ níbí ni pé ọjọ́ àwọn Júù máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ìdí nìyẹn tí Sábáàtì fi ń bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ìpànìyàn mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kẹta oṣù, ṣùgbọ́n lóru. Nínú kàlẹ́ńdà ọlọ́pàá, ọjọ́ kẹta ni. Nínú òǹkà àwọn Júù, ọjọ́ kẹrin ti wọlé. Lẹ́tà mẹ́rin ló sì wà nínú orúkọ Ọlọ́run tí àwọn Júù kì í pè. Lönnrot so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó mọ ibi tí ìkẹrin yóò ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, ó sì lọ síbẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tó bá pàdé, àfi pé ìmọ̀ ìwé rẹ̀ gan-an ni ọ̀tá rẹ̀ fi dẹ okùn fún un, àti pé Treviranus tí kò ka ìwé kankan ló sọ òótọ́ nípa òkú àkọ́kọ́. Borges mọ ohun tó ń ṣe. Lönnrot ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lórí ohun tó rò pọ̀, irú èyí tí Míṣínà kìlọ̀ fún ẹlẹ́rìí pé kó má mú wá.

Bí a bá wá kúrò nínú ìwé òfin, ìtàn àwọn Júù fúnra rẹ̀ tún fún wọn ní ìdí láti máa ṣọ́ ẹ̀rí lójú méjèèjì. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni irọ́ kan ti ń jà ràn-ìn ní Yúróòpù pé àwọn Júù máa ń pa ọmọ Kristẹni. Nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni wọ́n fi ń po búrẹ́dì àjọ Ìrékọjá. Ẹni tó bá mọ̀ pé òfin Júù kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹran pàápàá láàyè lẹ́nu, débi pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹran kí wọ́n tó sè é, yóò rí bí irọ́ náà ti burú tó. Irọ́ yìí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Kyiv ní 1911, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, wọ́n bá òkú ọmọkùnrin ọdún 13 kan, Andrei Yushchinsky, nínú ihò. Ọlọ́pàá Nikolai Krasovsky ṣèwádìí, ipasẹ̀ tó tọ̀ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olè kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nílé ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ náà. Ìjọba ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n lé Krasovsky kúrò lẹ́nu ìwádìí náà, wọ́n sì ju Menahem Mendel Beilis, Júù kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, sí àtìmọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ní 1913, àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a sílẹ̀.

Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Max Spitzkopf ti jáde. Jonas Kreppel ló kọ ọ́ ní èdè Yídíṣì, tí àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù ń sọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Kraków ní 1908 gẹ́gẹ́ bí ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú. Spitzkopf ń gbé ní Vienna, Júù ni, ó ní ìbọn, ó mọ aṣọ pààrọ̀, bí wọ́n bá sì ti fẹ̀sùn èké kan Júù níbìkan, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ kọ́ ni. Àmọ́ Isaac Bashevis Singer, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978, kà á nígbà tó wà lọ́mọdé, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ọmọ Júù tó ń ka irú ìwé yẹn ní Poland rí nǹkan tí kò rí nínú ìwé ìròyìn: ẹnì kan tí agbára òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì gbà pé kí a wádìí kí a tó mú Júù. Kreppel fúnra rẹ̀ kú sí àgọ́ Buchenwald ní 1940.

Ọdún kan lẹ́yìn Spitzkopf, rábì kan ní Warsaw tó ń jẹ́ Yudl Rosenberg tẹ ìwé kan jáde nípa Maharal, rábì àgbà ìlú Prague tó kú ní 1609, àti golem, ènìyàn amọ̀ tí wọ́n ní ó dá. Àwọn tó mọ golem láti inú fíìmù rò pé abàmì ẹran tó ń ba ilé jẹ́ ni. Ti Rosenberg kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni golem tirẹ̀: òru ló fi ń rìn ní àdúgbò àwọn Júù, ó ń yẹ ẹrù tí àwọn ènìyàn bá gbé wọlé wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé òkú ọmọ wá sọ sí ilé Júù láti fi purọ́ mọ́ wọn. Maharal á wá to ẹ̀rí jọ, á gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Rosenberg ní ìwé àtijọ́ kan ní Metz, tí àna Maharal kọ, lòun dà kọ. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun ló kọ ọ́. Ó sì mọ ibi tí a ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí: ní 1913, ó mú ìtàn kan tí Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé ìtàn Sherlock Holmes, kọ nípa ìgbàyà olórí àlùfáà Júù, ó yí i sí Hébérù, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ Maharal.

Conan Doyle náà san án padà, bí ẹ bá gbà kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1908, wọ́n pa ìyá arúgbó kan, Marion Gilchrist, ní Glasgow, wọ́n sì jí búróṣì dáyámọ́ńdì rẹ̀. Ọlọ́pàá gbọ́ pé Oscar Slater, Júù kan láti Jámánì, ń wá ẹni tó máa ra ìwé ẹ̀yáwó búróṣì kan. Ó wá hàn pé búróṣì Slater ti wà lọ́dọ̀ ayánilówó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pa ìyá náà, pé kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi ní 1909. Conan Doyle kọ ìwé pẹlẹbẹ nípa rẹ̀ ní 1912. Ó tó 1927 kí wọ́n tó tú Slater sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fagi lé ẹ̀bi náà.

Amẹ́ríkà ló kù, ibẹ̀ sì ni ìtàn kúkúrú ti gbèrú jù. Harry Kemelman, ọmọ Boston, kọ ìtàn kan ní 1947 tí kò sí Júù kankan nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicky Welt gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ìrìn máìlì mẹ́sàn-án kì í ṣe eré, pàápàá nínú òjò. Ó ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́sàn-án, tí kì í ṣe mẹ́wàá? Kí ló dé tí kò wọ ọkọ̀? Ìgbà wo ni ọkọ̀ kì í sí? Kó tó parí, ó ti débi ìpànìyàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Támọ́dù ṣe ń ka ẹsẹ Bíbélì nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó wà níbẹ̀ lásán. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtàn yìí kì í ṣe ti Júù, èmi á bá a jiyàn.

Ní 1964, Kemelman gbé Rábì David Small jáde nínú ìwé ńlá, ó sì gba ẹ̀bùn Edgar, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí sí. Ohun tó máa ń rú àwọn òǹkàwé wa lójú ni irú ẹni tí rábì jẹ́. Rábì kì í ṣe pásítọ̀. Kì í ṣe alágbàwí láàárín Ọlọ́run àti ìjọ, kò sì pọn dandan kó wà níbẹ̀ kí àdúrà tó wáyé. Àgbàlagbà mẹ́wàá ló ń di ìjọ àdúrà. Amòfin ni, onídàájọ́ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà fi í hàn: ọmọ ìjọ méjì ń jà lórí mọ́tò tí ọ̀kan yá lọ́wọ́ èkejì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bàjẹ́, rábì jókòó, ó sì fi òfin Támọ́dù pẹ̀tù sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù, wọ́n sì bá báàgì rẹ̀ nínú mọ́tò rábì. Ẹ rí i pé òǹkọ̀wé ti gbé onídàájọ́ sípò afurasí. Bí ẹ bá fẹ́ dán irú ìtàn báyìí wò, ẹ yọ rábì kúrò kí ẹ fi pásítọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ìtàn náà bá ṣì dúró láìmì, fìlà lásán ni wọ́n fi jẹ́ Júù. Ti Kemelman á wó.

James Yaffe kò nílò rábì. Láti 1952 ló ti ń kọ ìtàn nípa ìyá kan ní Bronx, Màmá, tí ọmọ rẹ̀ Dave jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní New York. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, Dave àti ìyàwó rẹ̀ á wá jẹun. Dave á sọ ẹjọ́ tó dààmú gbogbo ọ́fíìsì. Màmá á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta sí mẹ́rin tó dà bíi pé kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá, kó tó sọ ẹni tó ṣe é. Kò kúrò nídìí tábìlì. Ibi tó ti kọ́ ìwà ọmọ aráyé ni ọ̀dọ̀ alápatà tó ń fi ìka tẹ òṣùwọ̀n àti ẹbí tó ń wá yáwó. Wọ́n kó àwọn ìtàn náà jọ sínú ìwé kan ní 1997.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lè jẹ́ kí ẹnì kan rò pé òfin Júù kàn fẹ́ràn kí ẹ̀rí le koko ni. Irú ẹjọ́ kan wà tó yí ìyẹn dà, òun ló sì sọ àwọn rábì gidi di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí ọkọ bá lọ sí ìrìn àjò tí kò padà, tí kò sì sí ẹ̀rí pé ó kú, ìyàwó rẹ̀ kò lè fẹ́ ẹlòmíì. Agunah ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá há sí ipò yẹn. Kí wọ́n lè tú u sílẹ̀, àwọn rábì dín òṣùwọ̀n ẹ̀rí kù: ẹlẹ́rìí kan tó, obìnrin lè jẹ́rìí, ẹrú lè jẹ́rìí, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì náà lè tó. Míṣínà ròyìn ọkùnrin kan ní Zalmon tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, èmi lágbájá ọmọ lágbájá, ejò ti bù mí jẹ, mo ń kú lọ. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọn ò dá ojú òkú náà mọ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà fún ìyàwó rẹ̀ kó lọ́kọ.

Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òkú ò ṣeé dá mọ̀ bí a ò bá rí ojú pẹ̀lú imú, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá já sínú omi tí a rí etí rẹ̀ yíká, tí kò sì jáde, ó ti kú. Bí omi náà kò bá ní òpin lójú, ìyàwó ò gbọdọ̀ tíì fẹ́ ẹlòmíì. Támọ́dù sọ ìdí rẹ̀: Rabban Gamliel rí ọkọ̀ ojú omi kan tó fọ́, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí Rábì Akiva tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó gúnlẹ̀, Akiva wá, ó jókòó, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ òfin. Pákó ọkọ̀ ló bá a, ó ní ìgbì kọ̀ọ̀kan tó bá ń bọ̀, òun á tẹrí ba fún un. Lẹ́yìn ìkọlù 2001 ní New York, ilé ẹjọ́ àwọn rábì ní Amẹ́ríkà tún ṣí àwọn ojú ìwé yìí nítorí àwọn obìnrin tí ọkọ wọn wà nínú ilé gogoro méjì náà, wọ́n sì ń bi ara wọn ohun tí DNA, àkọsílẹ̀ eyín àti ìpè tẹlifóònù ìkẹyìn wúwo tó.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Rábì Lawrence W. Raphael kó àkójọ ìtàn kúkúrú méjì jọ, *Mystery Midrash* ní 1999 àti *Criminal Kabbalah* ní 2001. *Jewish Noir* tí Kenneth Wishnia kó jọ ní 2015 le ju ìyẹn lọ, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbóyà ni kó mú un. Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, a máa ń rí dáadáa, a sì máa ń rí onífìlà lásán. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ ka Màmá ti Yaffe, kí ẹ tó lọ bá Rábì Small. Ẹ fi Borges sí ìkẹyìn, nítorí kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ ò bá tíì mọ òfin tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.